Ìbéèrè Mẹ́sàn-án Lẹ́nu Nọ́ọ̀sì

Ojú ewé kan ṣoṣo ni PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Robert Spitzer, Janet Williams àti Kurt Kroenke ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ní 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ jáde. Ìbéèrè 9 ni, máàkì 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba 10 yẹ kó rí dókítà; ẹni tó bá wọ 20, tirẹ̀ ti le. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè rò ó pọ̀. Bíbi í niṣẹ́.

Ká ní alátà kan láti ọjà Ikotun l'Ékòó ló jókòó. Ṣé oorun ń yọ ọ́ lẹ́nu? "Aago mẹ́ta òru ni mò ń jí." Nọ́ọ̀sì tó ń kánjú á kọ 3. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní, "Ìyá, ṣé ọjà Mile 12 lẹ jí fẹ́ lọ, àbí oorun ló dá lójú yín?" Bó bá jẹ́ ọjà ni, 0 ni. Bó bá ń lajú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò tiẹ̀ lọ ọjà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan ni ìwé náà ń bi. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni alátà ń dá àjọ, nọ́ọ̀sì á ní, "Látìgbà tí ẹ ti san àjọ tó kọjá ńkọ́?" Ìbéèrè keje, lórí ìfọkànsí, fi ìwé ìròyìn kíkà ṣe àpẹẹrẹ; nọ́ọ̀sì fi ṣéńjì kíkà rọ́pò rẹ̀. Ibi tó wù mí jù nìyí: ó pààrọ̀ àpẹẹrẹ, ohun tó ń wá kò yí.

Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, Abiodun Adewuya àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹ̀ ẹ́ wò. 10 náà ló bọ́ sí i fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó lágbára. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ìdánwò kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́. Etí ni alátà fi ń gbọ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó ń bi nípa ikú àti ṣíṣe ara ẹni léṣe, kò dúró de ìròpọ̀. Bí gbogbo máàkì bá jẹ́ 4, tí 1 bá wà lórí ìbéèrè yìí, ẹni náà kò gbọdọ̀ kàn dìde máa lọ. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀, kò pariwo fún èrò tó wà lórí ìlà, kò sì sọ ọ́ bí àṣírí: "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn, tàbí pé kí ẹ ṣe ara yín léṣe?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. "Àmín, Ìyá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì tún un bi. Ìdáhùn ẹ̀ẹ̀kejì ló kọ sílẹ̀.