Ìlà Tó So

Pobè ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà ní Sakété. Kọ̀ǹpútà mi ló ń gba ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sórí ìkànnì Bluesky bó ṣe ń jáde, nítorí wọ́n ṣí ìṣàn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màá ṣa èyí tó kàn wá, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ojú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, lójú ihò (pọ́ọ̀tì) 9999. Yíyà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi: ẹni tó sọ̀rọ̀ di àmì róbótó kan, ẹni tó dá a lóhùn di òmíràn, ìlà á sì so wọ́n pọ̀. Gíráàfù nìyẹn.

Ọdún 2018 ni ìfẹ́ iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára. Ìjọba Benin bu owó-orí fáráǹ CFA 5 lé méga kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook tàbí WhatsApp. Ariwo #TaxePasMesMo sọ. Oṣù kẹsàn-án kò parí tí wọ́n fi wọ́gi lé e. Mò ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, n kò sì rí bó ṣe ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíràn. Ó dùn mí gan-an.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí à ń lò yìí kì í ṣe tuntun: láti 1983 ni Yunifásítì California ní Berkeley ti gbé e jáde nínú Unix tiwọn. TCP, ìlànà tó ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, kì í da báìtì rú, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé gbólóhùn á dé lódindi. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè: "Àbúrò, kí ló jẹ ọ̀rọ̀ náà 'ọ̀rẹ́' lórí? Àmì ìbéèrè ni mò ń rí."

Báìtì mẹ́ta ni "ọ" ń gbà, àmì orí rẹ̀ ń gba méjì. Díẹ̀ ti dé, ìyókù ṣì wà lọ́nà, ètò wa sì ti sáré kà á. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lè má rí i láéláé, torí báìtì kan péré ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Yorùbá ni mo fi ń dán tèmi wò látìgbà náà.

A fi àmì ìparí ìlà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ dé á dúró nínú ìrántí kọ̀ǹpútà títí yóò fi pé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a wà lórí fóònù, mo rí "ẹ̀kọ" tó kọjá lójú mi. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti dé. Ìlà ti so."