Agbo Ìlú Kútújẹ̀

Nínú The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí kọ́kọ́ gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, àìsàn bo ìlú Kútújẹ̀. Kí èsì Ifá tó dé, obìnrin kan ní òun se agbo, kò jẹ́. Ọba Ọdẹ́wálé bi í bí ó ti pẹ́ lórí iná tó. Obìnrin mìíràn ní tòun pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́. Ni ọba bá ní kí gbogbo wọn jọ wọ igbó lọ já ewé. Lójú tèmi, ìwà aládùúgbò yìí jẹ́ ti Yorùbá ju gbogbo òwe inú eré náà lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé, nígbà tí wàhálà ọba gba orí ìtàgé, agbo di ìgbàgbé. Àwọn aláìsàn wá ńkọ́?