Aago Tí Kì í Ṣègbè

Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ni gbogbo ojú ń wò, àmọ́ aago ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe adájọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra tirẹ̀, ì báà jẹ́ ní Bódìjà tàbí ní Àgbowó tó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé ó lè bu àkókò kún àkókò? Ní 1989 ni Bobby Fischer, ògbóǹtarìgì nínú ṣẹ́ẹ̀sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú aago bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ìdíje bá fúnni ní ìṣẹ́jú 90, tí ìṣẹ́jú àáyá 30 ń wọlé fún ìta kọ̀ọ̀kan, ẹni tí àkókò ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè mí.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, sọ pé ọwọ́ tó gbé ọmọ ayò ni yóò tẹ aago. Nítorí náà, bọ́tìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìlù ẹni tí ara ń kán, kí aago má sì yọ̀ lórí tábìlì. Kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó èyí tí rẹfirí yóò kà lóòró. Bátìrì ló ń lò. Bí iná bá lọ, ayò ń bá a lọ.

Àwọn tó ń ta ayò Scrabble náà nílò rẹ̀: ìṣẹ́jú 25 lẹ́nì kan, máàkì 10 sì ń lọ fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ẹ wá èyí tó ń kà lọ lẹ́yìn òdo, kí ẹgbẹ́ méjèèjì lè dáwó jọ rà á.