Ipò Kì í Kú Nínú Ìtàn

Ṣaworoidẹ kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Kí ìbọn kankan tó dún nínú fíìmù yìí, tó jáde ní 1999, Túndé Kèlání ti rọra gbé ohun mẹ́ta síwájú wa: adé idẹ, ìlù tí ṣaworo idẹ yí létí ká, àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín sórí ọba. Ọba ìlú Jogbo tó bá gba gbẹ́rẹ́, tó sì bá ìlú mulẹ̀, adé yóò tù ú lára. Ẹni tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, ọjọ́ tí Ṣaworoidẹ bá dún létí rẹ̀ ni orí fífọ́ yóò pa á. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọjá.

Lápité ló kàn. Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe é. Àwọn tó fẹ́ fi í jọba ti múra tán, ìbúra ló kù. Lápité kò gba gbẹ́rẹ́, kò búra, ìbọn ló fà yọ kí wọ́n tó dé e ládé. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wa mọ́ pé ọ̀tá ìlú nìyí. Àyángalú tó ni ìlù kò bá a jà. Ó gbé ìlù, ó fi ìlú sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà méjì ni ìtàn ń tọ̀: ọ̀nà adé nínú ìlú, ọ̀nà ìlù lẹ́yìn odi.

Irú ipò bí ọ̀tá yìí ti pẹ́ nínú àlọ́. Ní 1928, Vladimir Propp, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kó ọgọ́rùn-ún àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jọ, ó tú wọn wò oríkèé-oríkèé. Ipò méje ló rí: akọni, ọ̀tá, ẹni tó rán akọni níṣẹ́, ẹni tó fún un ní ohun àrà, olùrànlọ́wọ́, ọmọbìnrin tí wọ́n ń wá pẹ̀lú bàbá rẹ̀, àti ayédèrú akọni. Ẹnì kan lè di ipò méjì mú, ẹni púpọ̀ sì lè pín ipò kan. Fágúnwà náà pín in bẹ́ẹ̀ ní 1938, nígbà tó kó àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó: Kàkó ló ni kùmọ̀, Èfòyè ló ni ọfà, Olóhùn-iyọ̀ ló ni orin. Gbogbo wọn pọ̀ ni olùrànlọ́wọ́ Àkàrà-ògùn, akọni ìtàn náà.

Ìyàtọ̀ láàárín ipò àti ẹni tó dì í mú kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Kábbà. Ọbaro, Ọbadofin àti Ọbajẹmu ni oyè mẹ́ta tí àwọn Owé mọ̀ mọ́ ìṣàkóso ìlú wọn. Ẹni tó wà lórí oyè lè wàjà, oyè kì í wàjà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kọ ìtàn Ṣaworoidẹ, mọ èyí dunjú, ó sì fi ohun èlò dè é: ẹni tí adé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìbúra, òun ni ọ̀tá, ẹni tí ìlù bá wà léjìká rẹ̀, òun ni akọni.

Ẹ jẹ́ ká tọ adé lẹ́yìn. Àwọn agégẹdú ń run igbó Jogbo, owó ń wọ ààfin. Àwọn ọ̀dọ́ bínú, wọ́n kó ìjà dìde. Arẹ̀sẹ̀jábàtà, tí Kúnlé Afọláyan ṣe, wà lára wọn. Adé bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ọba tí kò ní adé kò lè sinmi, ló bá ránṣẹ́ sí ọ̀gá ṣọ́jà, Lágàta. Lágàta lọ, ó gbà á padà. Títí dé ibí yìí, olùrànlọ́wọ́ ọba ni. Àfi bó ṣe yíjú ìbọn sí ẹni tó rán an, tó sì mú adé fún ara rẹ̀. Ọ̀tá kan ṣubú, òmíràn ti dìde, adé kò sì fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ìlù kò yára ní tirẹ̀. Ó ti ọwọ́ Àyángalú dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Àyánníyì. Ọpálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣàwàdà, àwàdà yẹn ni kò jẹ́ ká gbàgbé èèwọ̀ adé. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí tó bá yá, kò ní sí àyè fún àlàyé.

Ọjọ́ ìwúyè dé. Lágàta kò mọ ohunkóhun nípa gbẹ́rẹ́. Adé gun orí. Kọ̀ǹgọ́ Àyánníyì ba awọ, ṣaworo dáhùn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọba tuntun. Kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Ohun mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló pàdé lórí rẹ̀: adé wà, ìlù wà, gbẹ́rẹ́ kò sí.

Ní 2002, Kèlání àti Ìṣọ̀lá padà sí Jogbo nínú Agogo Èèwọ̀. Wọ́n fi Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, jọba. Ó fẹ́ tún ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè tó ti mọ adùn jíjẹ owó ìlú sì ti jókòó dè é láàfin.