Pákó Àlòkù, Ahéré Tuntun

Nígbà tí wọ́n wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn, eruku ni àwa ń wò. Pákó ni bàbá káfíńtà tó fẹ́ kọ́ ahéré sínú ọgbà mi ń wò. Ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ àjà ilé náà. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe fi ìfági fá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ bí oyin yọ lára rẹ̀. Ẹnu yà mí.

Ìṣó yíyọ gan-an niṣẹ́. Ìṣó tó ti dípẹtà kò fẹ́ ipá: orí rẹ̀ á já, ìyókù á há sínú igi, ọjọ́ tí ayùn bá kàn án, eyín ayùn kán nìyẹn. Bàbá á kọ́kọ́ dojú pákó bolẹ̀, wọ́n á rọra lu ṣóńṣó ìṣó padà títí orí rẹ̀ á fi yọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀yìn òòlù fà á. Èyí tó bá tẹ̀, wọ́n á nà án lórí òkúta, wọ́n á jù ú sínú agolo mílíìkì. Mo fẹ́ràn sùúrù yẹn dénú.

Wọ́n fi ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò kun ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ahéré náà nítorí ikán, wọ́n kan pákó àlòkù náà mọ́ ọn, wọ́n kan páànù lé e, ahéré ọgbà mi sì parí.

Pákó kan ti jẹ́ ilẹ̀kùn rí. Ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i." Láràárọ̀, oòrùn ń gbabẹ̀ wọlé, ó ń tàn sára ọkọ́.