Ìwé Méjì fún Tọkọtaya Kan

Màmá tó ń yan ẹja gbé fóònù àti ìwé àkọsílẹ̀ kan kalẹ̀ níwájú akọ̀wé owó orí ní Igbókọ̀dá. Èéfín ẹja ti wọ inú ìwé náà pátápátá.

"Ọmọ mi, ọkọ mi ti san tiwa l'Ékòó."

"Tiwọn ni wọ́n san, Màmá. Tiyín kò sí níbẹ̀."

Mo mọ ẹni tó mọ ọkọ̀ gbẹ́, mo mọ ẹni tó mọ àwọ̀n hun. Ó wù mí kí wọ́n máa ka akọ̀wé obìnrin yìí mọ́ wọn.

Òfin Nàìjíríà kò so tọkọtaya pọ̀ nídìí owó orí. Bí wọ́n jọ ń gbé o, bí ọkọ wà l'Ékòó tí aya wà létí òkun Ìlàjẹ o, orúkọ kálukú ló dá dúró. Amẹ́ríkà gbà kí tọkọtaya jọ kọ ìwé kan tàbí kí wọ́n yà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1990, owó tó wọlé fún ìyàwó, ti ọkọ ni òfin kà á sí. Ta ni yóò sọ irú ẹ̀ fún obìnrin ọlọ́jà nílẹ̀ Yorùbá? Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, ìnira rẹ̀ sì wà lára ohun tó mú wọn dìde pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní 1947.

Ọmọ Ayétòrò ni Màmá. Ọdún 1947 yẹn náà ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, àpò kan ṣoṣo sì ni gbogbo ará ìlú jọ ń ná nígbà náà. Kò yà mí lẹ́nu pé ìwé méjì ṣàjèjì sí i.

Ibi tí ọwọ́ akọ̀wé náà ti dùn ún wò nìyí. Ó ṣírò owó tó wọlé lọ́dún, ti fóònù àti ti ọwọ́: 1,930,000 náírà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún padà sórí fóònù, ó ń fi àtàǹpàkò tì í sókè díẹ̀díẹ̀, ó dúró.

"Ogójì ẹgbẹ̀rún yìí ńkọ́? Oṣooṣù ló ń wọlé."

"Bàbá àwọn ọmọ ló ń fi ránṣẹ́. Owó oúnjẹ ni."

Ó fi bíró pupa sàmì sí méjèèjìlá, ó yọ 480,000 kúrò. Owó oúnjẹ kì í ṣe èrè ọjà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè iye agbọ̀n tí Màmá yàn, iye tó ra ẹja tútù, owó igi, owó ọkọ̀ ojú omi. Ó fi iye agbọ̀n yẹ iye títà wò, wọ́n bára mu. Ìnáwó jẹ́ 750,000. Èrè ku 700,000.

Nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026, 800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí. Òdo ni ti Màmá. Ká ní ogójì-ogójì yẹn wà níbẹ̀ ni, ì bá san 57,000. Ká ní wọ́n dà á pọ̀ mọ́ owó ọkọ tó ti kọjá 800,000, ó kéré tán 105,000 ni ì bá ti inú èrè ẹja lọ.

Ó ku ibùgbé. Ibi tí o ń gbé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni yóò sọ ìpínlẹ̀ tí o máa sanwó fún. Ti ọkọ rọrùn: Èkó.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ilé yín dà lọ́jọ́ ọdún tuntun?"

"Òkun ti gbé ti Ayétòrò lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi níbí ni mo wà."

Akọ̀wé náà dákẹ́ díẹ̀. Ó kí Màmá pẹ̀lẹ́. Ó kọ "Igbókọ̀dá", lẹ́tà gbọ̀ngbọ̀n, ó sì yí ìwé náà síhà ọ̀dọ̀ Màmá kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.