Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ni Kó Sọ̀rọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba Rivers ti fòfin de ọ̀kadà nígboro Port Harcourt lọ́dún 2009, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gba ipò rẹ̀ ládùúgbò púpọ̀. Bí gósíló bá ti mú ní Aba Road, ẹ ó rí wọn tí wọ́n gun ibi tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀, tí họ́ọ̀nù ń ké lẹ́yìn ìyá àgbà bí ẹni pé ìyá ló ṣìnà.

Ṣé ká bá wọn wí? Ọ̀pọ̀ wa ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ títì. Èébú là ń gbà, kẹ̀kẹ́ á sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: lọ́jọ́ ìsinmi, tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, tí àwa wà nínú kẹ̀kẹ́, ta ló ń ní kí awakọ̀ gba ẹ̀gbẹ́? Èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kó sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Ẹ fi Pidgin sọ ọ́ wẹ́rẹ́: “Oga, abeg no climb that place, I no dey hurry.” Bó bá gbọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sàn ká pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì ju ká lé ìyá àgbà kúrò lọ́nà ká tó débẹ̀ lásìkò.